Ta ló gé XP mi? Dungeons & Dragons Online lójú télọ̀ Mọ́kọ́lá

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú Waterworks, àwọn ihò omi ìlú Stormreach tí àwọn kobold fi ṣe ilé, àwọn kúkurú olójú alángbá wọ̀nyẹn. Mo ṣí ojú ibi tí géèmù ti máa ń ṣírò XP, ìyẹn àmì ìrírí tí èèyàn fi ń gun ipele, mo sì rí ìlà kan tí àmì àyọkúrò wà níwájú ẹ̀. Mo tẹ ọmọ mi láago ní Houston.

"Ta ló gé XP mi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀yin náà lẹ fà á, Màámi. Ẹ ti ṣe quest yẹn jù." Quest ni iṣẹ́ tí géèmù máa ń rán èèyàn.

Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí màmá àgbà ń wá nídìí géèmù. Nígbà tí ọmọ yìí wá sílé ṣe Kérésì ló gbé e sórí laptop mi, ó ní ká lè rí nǹkan ṣe pọ̀ yàtọ̀ sí "ṣé ẹ ti jẹun" orí WhatsApp. Láti 2006 ni géèmù náà, tí wọ́n ń pè ní DDO ní ṣókí, ti wà, láti 2009 sì ni èèyàn ti lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Aràrá obìnrin ni mo yàn, àlùfáà tó ń wo ẹgbẹ́ ẹ̀ sàn, tó sì ń fi òòlù fọ́ orí ọ̀tá. Aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé la máa ń pàdé, nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni bó ṣe ń sanwó iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù irú ẹ̀, ẹ pa ẹranko kan, ẹ gba XP ẹranko kan. Nínú quest tibí, ẹ lè pa igba kobold kí ẹ má rí nǹkan kan gbà, àfi tí ẹ bá parí iṣẹ́ tí wọ́n rán yín. Bíi ti ṣọ́ọ̀bù mi náà ni: ta ló ń sanwó bùbá tí kò tíì lọ́rùn? Tí iṣẹ́ bá ti parí ni èènì á wá wọlé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kú, wọ́n á fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Bí ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo ohun tó ń mí níbẹ̀ tán, 25. Kódà wọ́n ń sanwó àgbá àti àpótí tí èèyàn bá fọ́ lẹ́bàá ògiri, ó sì lè tó 15. Ọmọ mi á ti sáré lọ níwájú, èmi á ṣì wà lẹ́yìn, tí mò ń fọ́ àgbá gbàgàgbàgà bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bọ̀." Mo ní kó dúró, èènì mi ni mò ń kó.

Ọ̀rọ̀ ìyà yẹn wàyí, ìyẹn àyọkúrò tí mo rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá ṣe quest kan ni XP ẹ̀ máa ń sanra jù, torí owó àkọ́ṣe wà níbẹ̀. Ẹ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń tún un ṣe títí, ó níbi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, àyọkúrò náà á sì máa ga sí i títí ohun tó kù á fi di bíńtín. Ẹ fi quest yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìyà náà á máa fúyẹ́ fúnra ẹ̀.

Inú bí mi. Àmọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, oníbàárà kan gbé aṣọ ẹbí ogójì wá. Kó tó jókòó ló ti ní, "Ẹ máa dín in kù fún wa o, ṣebí style kan náà ni gbogbo ẹ̀." Ẹnu mi wọhò. Òótọ́ kúkú ni: bùbá àkọ́kọ́ ni mo máa ń ronú sí, tó bá fi máa di ìkẹwàá, ọwọ́ ti mọ̀nà. Nínú Waterworks pàápàá, mo ti mọ ibi tí tàkúté wà, mo mọ igun tí kobold ti máa yọ. Bí wọn ò bá gé e, ta ló máa kúrò níbẹ̀? Gbogbo ayé á kó sí quest tó yá jù tó sì ń san jù, àwọn yòókù á dahoro.

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. World of Warcraft, géèmù míì irú ẹ̀ tó jáde ní 2004, ti kọ́gbọ́n ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò, ẹni tó bá ṣeré pẹ́, XP ẹ̀ á já sí ìlàjì. Àwọn tó ń bá wọn dán an wò fárígá. Ni wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ padà: ẹni tó bá lọ sinmi á gba ìlọ́po méjì nígbà tó bá dé, tí èrè ìsinmi náà bá sì tán, á padà sí iye tó yẹ. Ìṣirò kan náà ni o! Ariwo sì rọlẹ̀. Ọlọ́jà wo ló máa ń sọ fún oníbàárà pé òun fowó lé e? Iye gọbọi ló máa kọ́kọ́ pè, á wá ní torí tìẹ lòun ṣe já a. DDO náà mọ̀ ọ́n ṣe, torí èènì wà fún ìgbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá ṣe quest kan lójúmọ́, mo sì fẹ́ràn ìyẹn. Kí wá ni àmì àyọkúrò ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?

Kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń kó XP àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tú síìpù kan náà lẹ́ẹ̀méje lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ká ní mo gé owó oúnjẹ ẹ̀ nígbà keje, ìyá ẹ̀ á wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé géèmù tó ń bá èèyàn jà torí quest tó tún ṣe, òun náà ló ń ní kéèyàn tún ayé wá. Bí ẹ̀dá yín bá dé ipele 20, ẹ lè ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní true reincarnation: ẹ̀dá náà á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á gbé ẹ̀bùn díẹ̀ dání láti ayé tó kúrò, gbogbo quest á sì di tuntun fún un. Èmi tí wọ́n sọ ní Yétúndé, ṣé wọ́n fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún mi ni? Ọmọ mi ti tún ayé wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bi í bóyá ìyá kan náà ló ń yàn, kò dá mi lóhùn. Àmọ́ XP tí ayé kejì ń bèèrè ju ti àkọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni ìyà àṣetúnṣe ti ń ta èèyàn lára gan-an.

Apá tí mo fẹ́ràn jù ni ti ibojì Delera, ọmọ mi ló sanwó ẹ̀. Ohùn tó ń sọ ìtàn níbẹ̀, ohùn Gary Gygax ni, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbé Dungeons & Dragons orí tábìlì jáde ní 1974. Bàbá náà kú ní 2008. Ẹnìkejì ẹ̀, Dave Arneson, kú ní 2009, ohùn tiẹ̀ wà ní Threnal, apá míì nínú géèmù náà, a ò tíì débẹ̀. Mo ti tún Delera ṣe débi pé XP ibẹ̀ ò tó ra òwú mọ́. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ mi ní ká wá ibòmíì tó ń san lọ. Mo ní kó jẹ́ ká tún gbọ́ bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Iná lọ bí a ṣe wọlé, inverter gbé e. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ máa fọ́ àgbá yín, Màámi. Mo ń dúró."