Àpò irúgbìn òdòdó fún etí oko: irúgbìn ẹ̀ dáa, ìwé inú ẹ̀ ni ò tó

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi, àpò irúgbìn òdòdó tí wọ́n ń tà fún etí oko, tó máa ń pe oyin àti labalábá wá yẹn, mo ti gbìn ín o, ó sì dáa gan-an. Ohun tó wù mí jù ni pé òdòdó inú ẹ̀ kì í là pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí èyí bá ń rọ lọ òmíì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là, torí oyin ò lè máa febi sùn títí dìgbà tí elégédé yín bá tó yọ òdòdó. Tẹ́ ẹ bá dúró ti sọ́nfíláwà tó wà lára òdòdó inú ẹ̀ láàárọ̀, ẹ máa rí oyin kéékèèké tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó bo ẹsẹ̀ wọn, irú wọn ló ń gbé e láti ara akọ òdòdó elégédé lọ sára abo, tí kò bá sí wọn elégédé ò ní so.

Ìwé inú ẹ̀ ló bí mi nínú. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé irúgbìn tó kéré gan-an, wọn kì í rì í mọ́lẹ̀, ṣe lẹ máa pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó lè tú káàkiri, ẹ fọ́n ọn, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó tán. Wọn ò tún sọ pé ọ̀pọ̀ irú oyin, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí, torí náà ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ lásán, ẹ má ro ó. Oògùn kòkòrò náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in sí òdòdó tó ti là, ẹ̀ ń pa àlejò tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pè nìyẹn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó bá ti gbìn ín sílẹ̀ olómi, ẹ sọ fún wa bó ṣe ṣe.