Ìkìlọ̀: Ẹ má ra ẹrù ìmòòkùn "aláfúyẹ́" lọ́wọ́ oníṣòwò WhatsApp tó ní Lọ́kọ́jà lòun wà yìí

Okun o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Kàbbà sí Ọ̀bàjánà sí Lọ́kọ́jà lọ wọ ọkọ̀ òfurufú l'Ábújá, tí ẹ sì máa ń lọ mòòkùn nínú Òkun Pupa ní Íjíbítì tàbí ní Zanzibar, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọkùnrin kan wà tó ń ta ẹrù ìmòòkùn tòkunbọ̀ lórí WhatsApp. Ó ní Lọ́kọ́jà lòun wà, àmọ́ mi ò tíì rí ẹnì kan tó mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i.

Orúkọ àti nọ́ńbà tó ń lò kì í pẹ́ yí padà, nítorí náà ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ohun tó ń dun arìnrìn-àjò ló fi ń mú un. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń gbà fún báàgì kan, gbogbo wa la sì mọ ojú tí wọ́n fi ń woni nídìí òṣùwọ̀n bó bá lé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé "ó fúyẹ́, ó fúyẹ́" ló kún orí ìpolówó rẹ̀. Á bi yín pé ọjọ́ wo lẹ ń rìn. Tó bá ti gbọ́ pé ìrìn àjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, á ní ẹnì kan láti Mọ̀pà ti san ìdajì owó rẹ̀, kí ẹ tètè sanwó kóun lè fi í sínú mọ́tò ìrọ̀lẹ́. Tí álẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé sí i lọ́wọ́, awakọ̀ ò ní gbé fóònù mọ́. Nígbà mìíràn, ẹrù náà á dé lóòótọ́. Lójú tèmi, ẹni tí ẹrù ò dé bá ló tún sàn fún, torí owó nìkan ló bá a lọ.

Àbúrò mi kan ní Ìsánlú, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, gbé èyí tó rà wá sílé mi kó tó rìnrìn àjò, mo sì dúpẹ́ pé ó gbé e wá. Régúlétọ̀ ni, ohun tí à ń tẹnu mú èémí láti inú sìlíńdà afẹ́fẹ́ tí à ń gbé sẹ́yìn lábẹ́ omi. Ọkùnrin náà ní títàníọ́mù ni. Títàníọ́mù fúyẹ́ tó nǹkan bí ìdajì idẹ tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Mo fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń de rọ́bà mọ́ ọn. Ọ̀dà eérú ṣí kúrò ní ìpẹ́pẹ́, idẹ pupa rẹ́súrẹ́sú sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó yẹ kí nọ́ńbà rẹ̀ wà, fáìlì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ títí irin fi ń dán. Mo wá tan iná fóònù sí ẹnu rẹ̀, níbi asẹ́ kékeré tí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Fàdákà ló yẹ kí asẹ́ yẹn máa tàn bí. Àwọ̀ ewé ló ní. Omi iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀, ó sì ti jókòó síbẹ̀ pẹ́.

Gbogbo ìyẹn kò bí mi nínú tó èyí tó kù. Ẹnu kan ṣoṣo tí à ń fi mí ni régúlétọ̀ náà ní. Ẹnu kejì tí à ń nà sí ẹni tí afẹ́fẹ́ tán mọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ omi kò sí níbẹ̀. Géèjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Àbúrò mi pè é, ó dáhùn pé bí ti arìnrìn-àjò ṣe rí nìyẹn, òun ló jẹ́ kó fúyẹ́. Irọ́ ńlá ni! Kò sí ilé iṣẹ́ ìmòòkùn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa jẹ́ kí ẹ fi irú rẹ̀ wọ òkun. Nílẹ̀ Yúróòpù, àmì EN 250A ni wọ́n ń tẹ̀ sára régúlétọ̀ tó yege pé èèyàn méjì lè mí láti inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo lẹ́tà A yẹn dáadáa.

Ẹlòmíràn fi fọ́tò tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Kàbbà. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kéèyàn má bàa rì ni ọkùnrin yìí tà fún un ní BCD, ìyẹn jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ tí amòòkùn ń wọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi kò mọ̀ ju kó gbé yín léfòó. BCD ní rọ́bà tó so mọ́ sìlíńdà fún fífi afẹ́fẹ́ sí i, ó sì ní fáàfù tí à ń fà láti tú afẹ́fẹ́ náà jáde, kéèyàn lè lọ sísàlẹ̀, kó dúró lójú kan, kó sì gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì tí ò ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lè já ènìyàn sókè lójijì, ẹ̀dọ̀fóró á sì fara gbá a.

Ó tún ń ta sìlíńdà, ó ní ẹ lè gbé e lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Sìlíńdà alumíníọ́mù tí wọ́n sábà ń lò wọ̀n tó kílò 14 lófìfo, kí ẹ tó fi aṣọ kan sínú báàgì kílò 23 yẹn. Níbi tí ẹ ń lọ ni wọ́n ti ń yá a, àti òjé tí à ń dè mọ́ ìbàdí. Ó gba àwọn kan nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi kọ̀m̀prẹ́sọ̀ fọ́kánáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà náà. Nǹkan bíi 32 PSI (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) ni taya mọ́tò kékeré sábà ń gbà, sìlíńdà yìí ń gba 3000. Kọ̀m̀prẹ́sọ̀ ẹ̀bá títì kò lè dé ìdajì ìdajì ibẹ̀, èéfín ẹ́ńjìnnì àti epo tó sì ń bá afẹ́fẹ́ rẹ̀ wọlé lè pa ènìyàn lábẹ́ omi.

Ẹrù tó fúyẹ́ tòótọ́ wà. BCD arìnrìn-àjò tí kò ní pákó ẹ̀yìn líle kì í sábà ju kílò 3 lọ. Rọ́bà régúlétọ̀ tí wọ́n hun fúyẹ́ ju rọ́bà dúdú lásán. Bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ kúkúrú tí à ń ki gbogbo ẹsẹ̀ bọ̀ máa ń wọ báàgì láìṣe wàhálà. Bí régúlétọ̀ yín bá jẹ́ irú DIN, tó ń yí wọ inú sìlíńdà, ẹ mú àdápítọ̀ dání, torí ibòmíràn á fún yín ní èyí tí à ń há mọ́ ọn lórí. Bátìrì lithium àfirọ́pò tí kò sí nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e, kò gbọ́dọ̀ bá báàgì lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó gbé ẹrù náà sórí òṣùwọ̀n lójú yín nínú fídíò, kó fi nọ́ńbà tó wà lára ẹrù náà hàn yín, kó sì fi asẹ́ ẹnu régúlétọ̀ hàn yín níbi ìmọ́lẹ̀. Kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú BCD lálẹ́, kẹ́ ẹ wò ó láàárọ̀ bóyá ó ti jò. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ lè dá ọkùnrin yìí mọ̀ nípa fọ́tò rẹ̀: aṣọ tábìlì aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó funfun ló máa ń tẹ́ sábẹ́ gbogbo ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ sáré lọ bá báńkì yín lónìí, kí wọ́n gbìyànjú láti dí àkáǹtì náà, kí ẹ sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ àti rìsíìtì lọ fún ọlọ́pàá àti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà. Ẹ̀yin tí ẹrù ti dé ọwọ́ yín, ẹ má gbé e wọ omi, kódà nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn.