Business class: ọkọ̀ ni kí ẹ rà, kì í ṣe orúkọ

“Qatar ni àbí Emirates?” Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ ra business class, ìyẹn àga olówó ńlá inú ọkọ̀ òfuurufú, máa ń bi mí nìyẹn. Èmi náà á fi ìbéèrè dá wọn lóhùn: ọkọ̀ wo ni wọ́n fẹ́ fi gbé yín? Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo lè ní oríṣi àga mẹ́ta, kí èyí tó ta yọ àti èyí tó ti gbó sì jọ máa jẹ́ iye kan náà. Tó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta péré lẹ máa lò lófuurufú, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Àmọ́ tó bá ti di wákàtí mẹ́wàá sókè, tẹ́ ẹ sì fẹ́ sùn, àga yẹn gan-an lẹ sanwó fún.

Ìyà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ta àga tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ fún mi. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n gbéra, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, mo sì bá ara mi ní àga àárín, èèyàn lọ́tùn-ún, èèyàn lósì. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, mo fẹ́ lọ tọ̀. Bàbá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo di orí àga rẹ̀ mú, mo gbé ẹsẹ̀ kan kọjá itan rẹ̀, ibẹ̀ ló ti lajú. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Kò fèsì. Nígbà tí mo padà dé, ohun kan náà la tún ṣe.

Nítorí náà, bí wọ́n ṣe to àga láti fèrèsé kan dé ìkejì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ 1-2-1, ìyẹn àga kan létí fèrèsé, méjì láàárín, kan létí fèrèsé kejì, tí ọ̀nà sì pín wọn níyà, gbogbo èrò ló kan ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa fo ẹnikẹ́ni. 2-2-2 dáa fún tọkọtaya, àmọ́ ẹni tó dá rìn tó sì mú fèrèsé á fo aládùúgbò rẹ̀. Inú 2-3-2 ni àga tí mo ń sọ yẹn wà. Ẹ ṣí àwòrán àga nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ ka iye àga tó wà ní ìlà kan. Mẹ́rin dáa. Tó bá pé méje, ẹnì kan máa há sáàárín.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí Qatar àti Emirates. Qsuite, àga business class tí Qatar gbé jáde ní 2017, ni gbogbo èèyàn ń pariwo, ariwo náà sì tọ́ sí i: 1-2-1 ni, ó ní ilẹ̀kùn, àwọn àga àárín kan ṣeé sọ di bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì, èèyàn mẹ́rin tó mọra sì lè kọjú síra wọn jẹun. Àwọn àga kan níbẹ̀ kọ ẹ̀yìn síbi tí ọkọ̀ ń lọ o. Ẹni tí inú rẹ̀ máa ń ru kó yẹra fún wọn. Orí ọkọ̀ Boeing 777 àti Airbus A350 lẹ ti máa rí Qsuite, kì í sì í ṣe lórí gbogbo wọn. A380 àti 787-8 wọn kò ní in.

Emirates ní tirẹ̀ kì í fi ilẹ̀kùn sí business class. Lórí A380 wọn, 1-2-1 ni, ibi ìmutí kan sì wà lẹ́yìn pátápátá ní àjà òkè, níbi téèyàn ti lè dúró na ara. Nínú àwọn àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èyí tí lẹ́tà A tàbí K wà lára nọ́ńbà rẹ̀ ló fara ti fèrèsé gan-an níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí èyí tó sún mọ́ ọ̀nà jù, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló máa wò ó lójú. Ṣùgbọ́n 777 wọn tí wọn ò tíì tún inú rẹ̀ ṣe, 2-3-2 ni, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ló wà lára ọkọ̀ méjèèjì.

Irú ẹ̀ náà ni British Airways. Club Suite tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí A350-1000 ní 2019 ní ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó ń fo ẹnì kejì. Nínú Club World, àga wọn àtijọ́, èrò kan kọjú síwájú, ìkejì kọjú sẹ́yìn, ẹ ó sì máa wo ara yín lójú koroko títí wọ́n á fi gbà kẹ́ ẹ gbé ìdábùú àárín sókè. Turkish Airlines: ẹ wá A350 tàbí 787-9, ẹ ṣọ́ra fún 777. Delta: èyí tó pọ̀ jù nínú A350 wọn ní ilẹ̀kùn, 767 kò ní, ó sì há. Ti Lufthansa tó ń jẹ́ Allegris, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, máa ń kó oríṣiríṣi àga sínú yàrá kan náà, wọ́n sì ń gba owó lé owó lórí àwọn kan nínú wọn.

Ilẹ̀kùn yìí, èmi ò ní tìtorí ẹ̀ san kọ́bọ̀ kún owó mi. Kò ga dé òkè, kò sì dí ariwo lọ́nà. Ibi tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ ló ká mi lára jù. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn àga 1-2-1, abẹ́ tábìlì ẹni tó wà níwájú ni ẹsẹ̀ yín máa wọ̀, bí ìgbà téèyàn ki ẹsẹ̀ bọ inú àpótí. Tẹ́ ẹ bá ń fẹ̀gbẹ́ sùn, orúnkún á gbá a lóru. Ìlà iwájú pátápátá ló sábà máa ń fẹ̀ jù, àmọ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n ń so bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ mọ́. Àga Singapore Airlines lórí A350 tó ń rin ọ̀nà jíjìn fẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dìde kí wọ́n tó dojú ẹ̀ dé kó di bẹ́ẹ̀dì, igun kan sì ni ẹsẹ̀ ń lọ. Ẹni gíga á ráhùn.

Tí owó bá jọra, ẹ mú A350 tàbí 787. Afẹ́fẹ́ inú wọn dà bí ìgbà téèyàn wà lórí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ó máa ń sún mọ́ 8,000. Ara á fúyẹ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá sọ̀.

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì tó rẹlẹ̀ jù dáadáa. Àwọn kan wà tó jẹ́ business lóòótọ́, tí wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ láúnjì (yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfuurufú), tẹ́ ẹ sì máa sanwó kẹ́ ẹ tó yan àga.

Lóru, tí mo bá dá rìn, Club Suite tàbí Qsuite ni màá rà, èyíkéyìí tó bá dín owó. Èmi àti ìyàwó mi, Qsuite láàárín. Lọ́sàn-án, A380 Emirates, torí ibi ìmutí yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á tán, ẹ máa yẹ àwòrán àga wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń búra fún yín pé ọkọ̀ ò ní yí padà. Lọ́jọ́ tó bá yí, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀; ẹni tó bá tètè pè ló ń rí àga etí ọ̀nà mú. Èmi ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Nígbà tí mo máa pè, àga àárín nìkan ló kù.