Oṣù 14 pẹ̀lú jíìpù tuntun: ìwé ìpè-padà mẹ́ta àti ohun tí ojú mi rí

Ọjọ́ tí jíìpù yìí kọ́kọ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́, kò tíì rìn tó kìlómítà 6,000. Orí títì márosẹ̀ ni mo wà, mo fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan sílẹ̀, mo tẹ iná, ọkọ̀ ò dáhùn. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí èémí ń há, ó tún mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ni ẹ́ńjìnì bá kú. Gbogbo iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sítiárìn le mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n fi okùn dè é mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mi méjì wà lẹ́yìn. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, tó rí iná ìkìlọ̀ tí mo tàn, tó sì fún mi láyè kí n rọra yí lọ sí etí títì.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ni pé kí n tó ra ọkọ̀ yìí, mo ka àgbéyẹ̀wò tó pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹni tó wà á fún ọjọ́ díẹ̀ ló kọ ọ́. Wọ́n á sọ bí awọ àga ṣe rọ̀ tó àti bí ẹ̀rọ orin ṣe ń dún. Èmi ti ń wà á fún oṣù 14. Láàárín oṣù 14 yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ̀wé sí mi pé kí n gbé e wá fún àtúnṣe nítorí ààbò. Recall ni wọ́n ń pè é. Ìpè-padà ni èmi yóò máa pè é níbí. Mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ náà, torí ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra jíìpù tuntun, pàápàá èyí tó jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e jáde rèé.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọkọ̀ náà ní ibi tó dára. Ó ga, mo ń rí ọ̀nà dáadáa. Búùtù rẹ̀ gba gbogbo ẹrù wa láìfún àwọn ọmọ mọ́ra. Kì í mu epo bí mo ṣe rò. Bí ó bá ń ṣe dáadáa, ó wù mí láti wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹ́ńjìnì tó ń kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá àwọn tó tà á fún mi, wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. “Mà, bóyá epo tí ẹ rà ni kò dáa.” Mo yí ibi tí mo ti ń ra epo padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún kú. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, wọ́n wà á káàkiri, kò ṣe nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo gbé e dé ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi béèrè bóyá mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láìmọ̀. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń wakọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọkọ̀ tó ń kú lọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé pélébé kan, mo fi í sínú ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣe nǹkan, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, iye kìlómítà tó ti rìn, eré tí mo ń sá, bí oòrùn ṣe mú tó, bí epo ṣe kù tó nínú táńkì. Nígbà tí ó pé ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ninu rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí epo kò tó ìdajì táńkì, tí mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná gidi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àròyé àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ wọn bá tèmi mu débi pé mo pe bàbá àwọn ọmọ mi kó wá kà á. Ẹnìkan kọ ọ́ pé “ó máa ń kú tí ilẹ̀ bá gbóná, tí mo bá fẹ́ wọ títì ńlá.” Òun náà, wọ́n ní epo ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àròyé lè ṣe, ẹ wo Amẹ́ríkà, níbi tí ètò náà ti hàn kedere. Àjọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ NHTSA, tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ lè kọ àròyé sí wọn, àwọn ará ìta sì lè kà á. Tí àròyé kan náà bá ń wá léraléra lórí irú ọkọ̀ kan, wọ́n lè ṣí ìwádìí. Tí ilé iṣẹ́ bá ti sọ fún àjọ yìí pé àbùkù ààbò wà, òfin fún wọn ní ọjọ́ 60 láti kọ̀wé sí àwọn tó ní ọkọ̀, àtúnṣe náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọkọ̀ tí kò bá tíì ju ọdún 15 lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Firestone, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà, pe táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà. Púpọ̀ nínú wọn wà lẹ́sẹ̀ jíìpù Ford Explorer. Ojú táyà ń ṣí kúrò lórí eré, jíìpù á sì yí dànù. Ọdún 1998 ni òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan ti fi ọ̀rọ̀ náà tó àjọ yẹn létí, torí ó rí i pé ìjàm̀bá tó ń bọ̀ lórí tábìlì òun jọra. Wọn ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí nígbà yẹn, àwọn èèyàn sì ń kú. Òfin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọdún 2000 kan náà, ló fi dandan lé e pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa fi ìròyìn ikú, ìpalára àti àròyé ránṣẹ́ sí ìjọba láìjẹ́ kó pẹ́. Òfin yẹn náà ló bí iná kékeré tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yín tí afẹ́fẹ́ táyà bá lọ sílẹ̀.

Torí náà mo kọ tèmi. Mi ò kọ èébú sí i. Mo da ohun tó wà nínú ìwé pélébé mi sí i bó ṣe wà, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta tí mo gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe àti ìdáhùn tí wọ́n fún mi kún un. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ìpè-padà àkọ́kọ́ dé: pọ́ǹpù epo. Mi ò lè sọ pé àròyé tèmi ló fà á, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé mi ò dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Pọ́ǹpù yìí, inú táńkì ló máa ń wà. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi ike ṣe ń yí nínú rẹ̀, òun ló ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnì. Bí ike náà kò bá ki tó bó ṣe yẹ, yóò máa fa epo mu díẹ̀díẹ̀, yóò sán tàbí kó wú, á wá máa ha ara ilé tó wà nínú rẹ̀. Tí ó bá há, epo ò lọ mọ́, ẹ́ńjìnì á kú. Irú àbùkù yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Toyota pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà lórí pọ́ǹpù epo tó lè dáṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́káníìkì àgbà tó pààrọ̀ tèmi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó mú pọ́ǹpù àtijọ́ wá kí n fojú ara mi rí i. Òun nìkan ló bẹ̀ mí nínú gbogbo wọn: “Ẹ má bínú, mà. Òótọ́ lẹ sọ látìbẹ̀rẹ̀.” Látìgbà yẹn, kò kú mọ́.

Ìwé kejì kò gba àkókò. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni. Tí mo bá fi jíà sí rìfáàsì, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, nígbà mìíràn kò ní tàn rárá. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni òfin ti ní gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà ẹ̀yìn, àwòrán rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, torí àwọn ọmọdé tí ọkọ̀ ń gorí wọn nígbà tí awakọ̀ bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Sọ́fítíwià tuntun ni wọ́n fi tún tèmi ṣe, íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e wọlé nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀ lóru. Àwọn kan ń sọ pé èyí kì í ṣe ìpè-padà gidi níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ò kúrò nílé. Mi ò gbà. Àbùkù tó lè pa ọmọ ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà tún un ṣe kò sọ ọ́ di kékeré.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù wà, tí kò tíì ní ìwé ìpè-padà kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bíréèkì ti tẹ ara rẹ̀ mọ́ mi lórí eré, nígbà tí kò sí ohunkóhun níwájú. Abẹ́ afárá ni ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa dá ọkọ̀ dúró kó má baà kọlu nǹkan ló rí ohun tí kò sí. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo lọ wádìí, mo wá rí i pé ilé iṣẹ́ ti kọ ìwé ìtọ́sọ́nà sí àwọn mẹ́káníìkì lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé kí wọ́n tún ojú ẹ̀rọ náà tò. Ìgbà tí mo ka nọ́ńbà ìwé náà fún wọn ni wọ́n tó gbà pé ó wà.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ìpè-padà, wọn á kọ̀wé sí yín, ọ̀fẹ́ sì ni, bí wáráńtì bá tilẹ̀ ti parí. Ìwé ìtọ́sọ́nà mẹ́káníìkì, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ sí yín. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè. Bí wáráńtì bá sì ti tán, owó yín lẹ máa fi tún un ṣe. Bí ẹ bá ní ìṣòro tí wọ́n ń sọ pé kò sí, ẹ béèrè tààrà pé: “Ǹjẹ́ ìwé ìtọ́sọ́nà wà lórí rẹ̀?” Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ń fún yín.

Àròyé tó kù kò tó èyí. Bátìrì kú lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Gíláàsì àárín tí à ń fọwọ́ tẹ̀ máa ń dì pa. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń dún. Wọ́n ń bí mi nínú, wọn ò lè pa mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra irú jíìpù yìí gan-an, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Pọ́ǹpù tirẹ̀ kò sí nínú ìpè-padà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n ti kó èròjà wá ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí ẹ gbọ́ pé wọ́n pe irú ọkọ̀ yín. Nọ́ńbà ọkọ̀ yín gan-an ni kí ẹ fi wò ó, èyí tí wọ́n ń pè ní VIN. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ ó rí i ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, tàbí lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, torí wọ́n jọ 1 àti 0. Ohun tí ẹ bá rí tó dà bí O, òdo ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ń ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí ọkọ̀ tí kò ní nǹkan kan lónìí lè ní ọ̀la. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ rà, ó ṣeé ṣe kí ìwé ti máa lọ sílé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé “tèmi ò ṣe nǹkan kan” kẹ́ ẹ wá ju ìwé nù. Àpò afẹ́fẹ́ (airbag) tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, tó di ìpè-padà tó tóbi jù lọ nínú ìtàn ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí àpò mílíọ̀nù 67, kò ṣe nǹkan kan lójú ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́ lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí ìjàm̀bá kékeré bá ṣẹlẹ̀ ni yóò bú gbàmù, táá sì fọ́n irin sí ojú àti ọrùn ẹni tó yẹ kó gbà là.

Bí ẹ bá bi mí bóyá mo lè tún un rà, mo lè rà á, àmọ́ kì í ṣe ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Mi ò ka ìpè-padà fúnra rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó pe ọkọ̀ padà ti gbà pé nǹkan bà jẹ́. Ohun tí mo ń dá wọn lẹ́bi lé lórí ni oṣù tí wọ́n fi ń sọ fún mi pé epo ni, pé ẹsẹ̀ mi ni, nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ mi ń gorí títì lójoojúmọ́.

Ìwé kẹta dé ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn. Ìkọ́ àga ẹ̀yìn, níhà ọ̀tún, lè má di ara rẹ̀ mú, àga náà sì lè fò síwájú bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Wọ́n ní èròjà tí wọ́n máa fi tún un ṣe kò tíì sí nílẹ̀, àwọn yóò tún kọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀ títí dìgbà náà. Ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn mi máa ń jókòó. Mo ti gbé e sí apá òsì, mo sì fi àpò ẹrù dí ọ̀tún kó má baà gbàgbé. Mo ń pè wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Èyí tí mo pè lónìí, wọ́n ní kò tíì dé.