Zanzibar fún ẹni tó ń dá lọ: ẹ sun Stone Town, ẹ fi etíkun sílẹ̀ fún tọkọtaya

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ṣé Zanzibar, erékùṣù Tanzania yẹn, ṣe é dá lọ, pàápàá fún obìnrin, pàápàá fún ẹni tí ò dá rìnrìn àjò òkèèrè rí, ó ṣe é dá lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ bá sùn ló máa sọ bóyá ẹ máa jẹ̀gbádùn àbí ẹ máa jókòó sójú kan máa tẹ fóònù. Mo sun ibi méjì, ilé àlejò kékeré kan ní Stone Town láàárín ìgboro, àti hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní etíkun Nungwi lókè lọ́hùn-ún lápá àríwá, torí náà ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ ni mo fún ti ìgboro. Ti etíkun, méjì, ọ̀kan nínú méjèèjì yẹn sì jẹ́ ti òkun fúnra ẹ̀, kì í ṣe tiwọn.

Òkun yẹn, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Iyanrìn Nungwi funfun báláú bíi láfún, omi ẹ̀ mọ́ gaara, bó o bá wọ̀ ọ́ dé àyà o ṣì máa rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ nísàlẹ̀. Ohun tó sì dáa níbẹ̀ ni pé ìgbàkígbà lèèyàn lè lúwẹ̀ẹ́, kì í ṣe bíi Paje àti Jambiani ní ìlà oòrùn tó jẹ́ pé tí omi bá fà, á fà lọ jìnnà réré, wàá máa rìn nínú ẹrẹ̀ kó o tó rí ibi tó dé orúnkún. (Ti ìlà oòrùn yẹn náà ní ẹwà tiẹ̀ o, ìgbà tí omi bá fà yẹn làwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń lọ tọ́jú ewéko òkun tí wọ́n gbìn mọ́ okùn, iṣẹ́ ńlá ni, omi á mu àwọn ẹlòmíì dé ìdodo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́.)

Hòtẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ni mo ní ẹjọ́ ẹ, mi ò sì ní dárúkọ wọn. Ọkọ àti ìyàwó nìkan ni wọ́n mọ̀ láyé wọn. Mo wọ yàrá, mo bá táwẹ̀lì méjì tí wọ́n ká bíi pẹ́pẹ́yẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń fẹnu kora wọn lẹ́nu, wọ́n wá fọ́n òdòdó pupa yí wọn ká. Èmi nìkan ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù o! Mo tú ọ̀kan, mo fi nu ara, mo bá tèmi lọ. Tó bá wá di alẹ́, wéítà á gbé àbẹ́là kalẹ̀, á wo àga iwájú mi, á ní ṣé kóun máa dúró de ẹnì kejì. Lálaalẹ́. Wéítà kan náà! Oúnjẹ ò burú, ẹja wọn tútù yọ̀yọ̀, àmọ́ nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wọ yàrá kí n lè jẹun ní àlàáfíà. Owó yàrá ńkọ́? Ti ẹni méjì ni mo san, wọ́n ní yàrá làwọn ń tà, àwọn ò ka orí.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ fojú sí, torí kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì nìkan. Ọ̀pọ̀ nǹkan ní erékùṣù yẹn ni wọn kì í tà fún ẹyọ ẹnì kan. Ọkọ̀ ojú omi, owó odindi ọkọ̀ ni wọ́n máa bù fún ẹ. Táásì, bákan náà. Gáìdì tó máa mú ẹ lọ sóko kànáfùrù, bákan náà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́fà ẹ máa pín in, kò ní dun ẹnikẹ́ni, tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo dá wá, owó èèyàn mẹ́fà náà nìyẹn lọ́rùn ẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ sun Stone Town, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ẹni bá yín dáwó.

Ilé àlejò tí mo sùn, ilé àtijọ́ ni, ilẹ̀kùn ẹ̀ nípọn, wọ́n gbẹ́ igi ẹ̀ ní oríṣiríṣi, wọ́n sì kan ìṣó idẹ ṣòǹṣò-ṣòǹṣò mọ́ ọn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, kò sí lífítì, ẹni tí orúnkún ń dùn kó béèrè yàrá ìsàlẹ̀. Ìyá kan ló ń bójú tó o, mama ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Mama yìí ní pátákó dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ẹ̀ tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ pé ọ̀la, Changuu, àárọ̀; ọ̀la, oko kànáfùrù; ọ̀túnla, Jozani, igbó tí àwọn ọ̀bọ elẹ́yìn pupa wà. O fẹ́ lọ, kọ orúkọ ẹ sábẹ́ ẹ̀, tí orúkọ bá ti pé, òun fúnra ẹ̀ á pe ọlọ́kọ̀, á sì ná an, àwa ò ní dá sí i. Ẹ ò rí i pé ọpọlọ wà níbẹ̀! Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn pẹ̀lú gbogbo áápù tí wọ́n ní kí n dà sórí fóònù, wọn ò ronú kàn án.

Bí mo ṣe bá tíṣà obìnrin kan láti Mombasa àti tọkọtaya àgbà kan láti Jámánì wọ ọkọ̀ lọ sí Changuu nìyẹn, tí wọ́n tún ń pè ní Prison Island. Kò jìnnà, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí omi. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní bíi 1893, àmọ́ ẹlẹ́wọ̀n kankan ò débẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n ń fura sí pé wọ́n ní ibà pọ́njú ni wọ́n ń tì mọ́bẹ̀. Ibà pọ́njú kan náà tí wọ́n fi ń béèrè yellow card lọ́wọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà títí dòní, ẹ wá wò ó. Ohun táwọn èèyàn ń wá wò níbẹ̀ ni àwọn ìjàpá ńláńlá. Mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ gbà láti Seychelles lọ́dún 1919, wọ́n ti wá bí sí i. Wọ́n fi ọ̀dà kọ iye ọdún wọn sí wọn lẹ́yìn, mo rí èyí tí wọ́n ní ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Wọ́n á fún yín ní ẹ̀fọ́ dání. Mo na tèmi sí ọ̀kan, ó fara balẹ̀ wò mí, ó já a, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bíi pé kò sóhun tó ń lé e, gáìdì wá ní kí n fọwọ́ họ ọ́ lábẹ́ ọrùn. Bí mo ṣe họ ọ́ báyìí ló dìde dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló na ọrùn yẹn jáde, ó gùn, ó hunjọ, ó di ojú ẹ̀, ó ń gbádùn. Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo fúnra ẹ̀! Ará Jámánì bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, n ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Ẹ má jókòó lé wọn lórí o, mo rí àwọn kan tó ń gbìyànjú ẹ̀ torí fọ́tò, ìwà tí ò dáa ni.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Forodhani ni ìlú ń wọ́ lọ, ọgbà etí omi tó dojú kọ House of Wonders, ilé ńlá ọba tí apá kan ẹ̀ wó ní December 2020. Àwọn ọmọkùnrin á máa sáré láti òkè ògiri, wọ́n á bẹ́ sínú òkun pẹ̀lú ìtàkìtì, àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́, àwọn alásè á sì máa tẹ́ tábìlì. Ẹ jẹ Zanzibar pizza. Kì í ṣe pizza tẹ́ ẹ mọ̀. Ọkùnrin tó ṣe tèmi mú kóróbótó ìyẹ̀fun pípò kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ olóròóró tẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀ ẹ́ títí tí mo fi ń rí tábìlì lábẹ́ ẹ̀, ó da ẹran lílọ̀ sí i, àlùbọ́sà, ata, wàràkàṣì díẹ̀, ó fọ́ ẹyin lé e, ó fi ṣíbí pò ó lójú ẹsẹ̀, ó wá ká igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bo ara wọn, ó jù ú sínú páànù gbígbóná. Kó tó tutù ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Urojo náà wà, ọbẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó kan díẹ̀, tí wọ́n máa ń da ọ̀dùnkún, àkàrà kéékèèké, ẹyin àti ẹran sísun sí, pàkúté ni fún èmi tí mo fẹ́ràn ata. Omi ìrèké tí wọ́n fún mọ́ ata ilẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, mo mu ú lójoojúmọ́. Àmọ́ ti àwọn ẹja àti edé tí wọ́n gún mọ́ igi yẹn, ẹ ṣọ́ra, ẹ béèrè iye owó kí wọ́n tó gbé e lé iná, ẹ sì wojú ẹ̀ bóyá kò ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹni kan fẹ́ gba owó ẹja ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi lórí igi kan ṣoṣo, mo rẹ́rìn-ín, mo lọ sí tábìlì kejì. Ọmọ Mushin ni mí.

Ọ̀sán, ilé oúnjẹ Lukmaan ni kẹ́ ẹ lọ, ìdí kàǹtà lẹ ti máa nawọ́ sí ohun tó wù yín, ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ẹran, ẹja, òkútópọ̀ọ̀sì nínú ọbẹ̀ àgbọn. Ará ìlú àti àlejò ló ń jẹun níbẹ̀, ẹni tó dá wá pọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìbéèrèkíbéèrè.

Ẹ má fo ọjà ẹrú. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n kọ́ lé e lórí lẹ́yìn tí wọ́n ti ọjà náà pa lọ́dún 1873, pẹpẹ ẹ̀ sì wà níbi tí igi tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà wà. Nísàlẹ̀ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni àwọn yàrá tí wọ́n sọ pé wọ́n ń kó ẹrú sí, èèyàn ò lè nàró dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Badagry rí mọ irú ìdákẹ́ tó máa ń bá èèyàn jáde níbẹ̀. Mo gba gáìdì, ó tó owó ẹ̀.

Ààbọ̀ ìràwọ̀ tí mo yọ lára ti ìgboro, omi gbígbóná tó ń wá tó ń lọ ni, kì í ṣe ìpè àdúrà ìdájí tí àwọn kan ń ráhùn lé lórí. Ìlú mùsùlùmí lẹ lọ, ẹ bo èjìká àti orúnkún tẹ́ ẹ bá ń rìn nínú ìgboro, bíkíní dúró sí etíkun. Ọ̀nà kọ́rọ̀kọ́rọ̀ yẹn á dà yín rú, máàpù orí fóònù náà á dà rú, ẹ ṣáà máa rìn, ẹ máa já sí òkun tàbí ọjà Darajani. Àwọn papasi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀ lé àlejò kiri pé àwọn máa mú u lọ sí ibì kan, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má dúró. Alẹ́ tó bá ti jìn, èmi kì í dá gba kọ́rọ̀, mama máa ń rán ọmọ ilé kan wá pàdé mi.

Ti ìwé ìrìnnà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ẹ gba físà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní kùtù. Láti October 2024 ni ìjọba Zanzibar ti fi dandan lé e pé kí àlejò ra ìnṣọ́ránsì tiwọn, $44, ẹ kà á mọ́ owó tẹ́ ẹ máa ná, èyí tẹ́ ẹ rà nílé ò rọ́pò ẹ̀. Tó bá sì ṣì wù yín kẹ́ ẹ rí Nungwi, ẹ wọ dala-dala, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, èyí tó ní nọ́ńbà 116, láàárọ̀, ó máa ń kún bíi dáńfó, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ lúwẹ̀ẹ́, ẹ jẹ ẹja, kẹ́ ẹ sì padà wá sùn ní ìgboro kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ yẹra fún April àti May, òjò ibẹ̀ nígbà náà kì í dáwọ́ dúró, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan tiẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn.