Ẹ Má Sanwó Wáráńtì Àfikún Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Láì Tíì Ka Odindi Ìwé Àdéhùn

Ẹ̀yin ará wa tó ń wa Mercedes, BMW, Audi, Range Rover àti irú wọn ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí wáráńtì tó bá ọkọ̀ yín jáde láti ilé iṣẹ́ bá ti fẹ́ parí, tàbí tó bá jẹ́ àlòkù lẹ rà, àwọn kan ń bọ̀ wá bá yín láti ta wáráńtì àfikún, ìyẹn àdéhùn tí ẹ máa fowó rà pé àwọn á máa san owó àtúnṣe ọkọ̀ yín lẹ́yìn tí ti ilé iṣẹ́ bá parí. Òmíràn á pè lórí fóònù. Òmíràn á fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọn á tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ìjọba ló kọ ọ́, wọn á kọ "ìkìlọ̀ ìkẹyìn" gàdàgbà sí i lórí. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti òṣìṣẹ́ díílà tó ń ṣètò ẹ̀yáwó, tó máa ń ki ìwé náà bọ àárín àwọn ìwé yòókù nígbà tó ti rẹ̀ yín, tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìkan lojú yín ń wá.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń tà á ló jẹ́ oníjìbìtì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ ka odindi ìwé àdéhùn kí ẹ tó sanwó, ẹ má bá a ṣe. Kì í ṣe ìwé pélébé aláwọ̀ mèremère tó ní àwòrán ọkọ̀ lórí. Kì í ṣe "a máa fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti san ti àkọ́kọ́". Odindi ìwé àdéhùn ni, pẹ̀lú ojú ewé tí wọ́n to àwọn ohun tí wọn ò ní san sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra Range Rover àlòkù, ó sì ra àdéhùn yìí mọ́ ọn. Òǹtajà ní ó bo ọkọ̀ láti bọ́ńpà iwájú dé tẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bọ́ síta, ó bá ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti jókòó sílẹ̀. Mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sókè, ó fọ́n omi ọṣẹ sí àpò rọ́bà tó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró, ọṣẹ sì ń hó wùrùwùrù níbi tí rọ́bà ti sán. Afẹ́fẹ́ ń jò. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ láìsinmi títí tó fi jóná. Ilé iṣẹ́ tó ni àdéhùn rán ẹnì kan wá, ó ya fọ́tò, ó lọ.

Èsì wọn rè é: àpò rọ́bà jẹ́ ohun tó máa ń gbó, àwọn kì í sì san owó ohun tó gbó. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ńkọ́? Lóòótọ́ ó wà lára ohun tí àwọn ń san, àmọ́ ohun tí àwọn kì í san ló bà á jẹ́, nítorí náà àwọn ò ní san ìyẹn náà. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbólóhùn méjèèjì wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, ọ̀pọ̀ ojú ewé sí ibi tí wọ́n kọ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ sí. Ẹnu òǹtajà ni irọ́ wà, ìwé ò parọ́. Owó àtúnṣe àti owó tí mẹkáníìkì gbà láti fi wá ohun tó ṣe ọkọ̀ náà, àpò ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Ibi tí wọ́n ti ń mú oníbàárà gan-an nìyẹn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ lórí fóònù tí kò sí nínú ìwé, ẹ kà á sí ohun tí wọn ò sọ.

Oríṣi àdéhùn méjì ló wà. Èkíní máa ń to orúkọ àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tó máa sanwó wọn. Ohun tí kò bá sí nínú orúkọ yẹn, ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀. Èkejì máa ń to ohun tí kò ní san nìkan, ó sì gbà láti san ìyókù. Fún ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ẹ má wo èkíní lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń bàjẹ́ lára irú ọkọ̀ wọ̀nyí pọ̀ ju ẹ́ńjìnnì àti gíà lọ: sẹ́ńsọ̀, kámẹ́rà, ojú síkírìnì, àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń darí ilẹ̀kùn, iná àti ìjókòó, àti afẹ́fẹ́ tó ń gbé ọkọ̀ dúró. Inú orúkọ tí wọ́n tò sílẹ̀ ni irú nǹkan wọ̀nyí ti máa ń dàwátì. Èkejì náà, ẹ kà á dáadáa. Bí ohun tí wọn ò ní san bá kún ojú ewé mẹ́ta, orúkọ lásán ló fi dára ju èkíní lọ.

Bí ẹ bá ní kí n mú àpẹẹrẹ kan, màá mú ẹ́ńjìnnì N63 ti BMW, V8 (oní-sílíńdà mẹ́jọ) tó ní turbo méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, tó jáde lọ́dún 2008. Àárín orí méjèèjì tí ẹ́ńjìnnì náà ní ni wọ́n gbé turbo sí, ooru ibẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Bó bá pẹ́, àwọn rọ́bà kéékèèké tó ń dí ọ́ìlì lẹ́sẹ̀ fáàfù á gan, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Rọ́bà yẹn fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀ ló ń gbowó lọ. Wàyí o, ẹ lọ wo ọ̀pọ̀ àdéhùn: wọ́n á kọ ọ́ gbàgàdà pé àwọn ń san ti ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà wọ́n á kọ ọ́ níbòmíràn pé àwọn kì í san ti rọ́bà adíọ́ìlì àti gáskẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fi kún un pé ọ́ìlì mímu kì í ṣe ìbàjẹ́. Ẹni tó ni N63 tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ra nǹkan kan. Kí ẹ tó rà, ẹ bi mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ yín gan-an pé kí ló máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tó bá sọ wá inú ìwé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún wo iye tí wọ́n gbà láti san fún wákàtí iṣẹ́ kan. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ bọ̀gìnnì ṣe máa ń gbowó jù, bí àdéhùn bá sì ní òun ò kọjá iye kan, ẹ̀yin lẹ máa fi kún un. Àwọn mìíràn kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn lè fi ẹ̀yà àlòkù rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ẹ wo bóyá owó tí ẹ máa san lápò ara yín jẹ́ fún ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ gbé ọkọ̀ lọ tàbí fún ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tún ṣe, torí ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo risíìtì tí ẹ fi pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí ẹyọ kan bá sọnù, wọ́n lè fi ìyẹn nìkan kọ̀ láti sanwó.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í bèèrè rárá ni pé ta ló máa sanwó lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tó tà á fún yín lè má jẹ́ ẹni tó ń dá yín lóhùn nígbà tí ẹ bá bèèrè owó àtúnṣe, ẹni tó ń dá yín lóhùn sì lè má jẹ́ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2003, National Warranty, ilé iṣẹ́ adójútòfò tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní erékùṣù Cayman tó sì dúró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ irú àdéhùn yìí, wó lulẹ̀, àwọn tó ti sanwó sì ń fi ìwé wọn kiri. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti US Fidelis, ilé iṣẹ́ tó ń ta irú àdéhùn yìí ní ìpínlẹ̀ Missouri, tí ìpolówó ọjà rẹ̀ gba orí tẹlifíṣọ̀n kan. Ó lọ sọ ní kóòtù lọ́dún 2010 pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó dá a sílẹ̀ sì gbà lọ́dún 2012 pé àwọn jẹ̀bi. Nítorí náà, ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ adójútòfò tó dúró lẹ́yìn àdéhùn náà nínú ìwé, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ yín tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ adójútòfò láti bèèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì rò pé ojú gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ẹ̀rí. Ní oṣù keje ọdún 2024, CarShield, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ta irú àdéhùn yìí, gbà láti san mílíọ̀nù 10 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ tí FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, pè é. Ẹ̀sùn tí FTC fi kàn wọ́n ni pé ìpolówó wọn ń ṣini lọ́nà nípa ohun tí wọ́n máa san àti ibi téèyàn lè gbé ọkọ̀ lọ, àti pé ọ̀rọ̀ tí àwọn gbajúmọ̀ ń sọ nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Ní ti àwọn tó ń pè lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni mo ní: ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ má tẹ nọ́ńbà kankan, kódà èyí tí wọ́n ní ó máa yọ orúkọ yín kúrò. Lóṣù kẹjọ ọdún 2023, FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, bu owó ìtanràn tó sún mọ́ mílíọ̀nù 300 dọ́là lé agbo kan tó fi ẹ̀rọ pe àwọn ènìyàn ju bílíọ̀nù 5 ìgbà lọ láàárín oṣù mẹ́ta lọ́dún 2021, tí wọ́n ń díbọ́n pé ọ̀rọ̀ wáráńtì ọkọ̀ ni àwọn pè fún. Ẹni tó bá pè yín pé wáráńtì yín ń parí lọ lè má mọ ọkọ̀ tí ẹ ń wà rárá. Ẹ má fẹnu ara yín sọ ọ́ fún un.

Bí òṣìṣẹ́ díílà bá sọ pé báǹkì ò ní yá yín lówó àfi tí ẹ bá rà á, ẹ pe báǹkì náà fúnra yín níbẹ̀ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti díílà, wáráńtì ilé iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, irọ́ ni. Òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí wáráńtì, ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ bèèrè èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń tà bí ẹ bá ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó lè wọ́n díẹ̀, àmọ́ díílà tó máa tún ọkọ̀ ṣe mọ ìwé náà, kò ní máa bá yín jà. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, tí èyí tó kù ò sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa fi iye tí ẹ bá fẹ́ san lóṣooṣù pamọ́ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ ò bàjẹ́? Owó yín ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó ti rà á ńkọ́? Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i lónìí. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló fún yín ní bí ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín, bí ẹ kò bá tíì bèèrè fún àtúnṣe kankan. Lẹ́yìn ìgbà yẹn náà, ẹ ṣì lè fagi lé e, wọ́n á sì dá apá kan padà. Bí ó bá wà nínú ẹ̀yáwó ọkọ̀, báǹkì ni owó náà máa ń lọ, gbèsè yín á sì dín kù. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ máa fi rí ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí FTC ní ReportFraud.ftc.gov àti sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì ní ìwé àdéhùn náà lọ́wọ́.