Àyẹ̀wò MRI fún Àrùn Iṣan Wíwú: Ohun Tó Dára àti Ibi Tó Kù Sí

Nínú gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún mi nígbà tí dókítà fura sí àrùn iṣan wíwú (iṣan ẹran ara, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀) tí wọ́n ń pè ní myositis, MRI itan, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n fi òòfà alágbára yà, ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún jù lọ. Kò lo ìtànṣán bíi ti X-ray, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, ìdíhò etí kò sì bò ó tán.

Ibi tó ti tayọ ni irú àwòrán MRI kan tí wọ́n ń pè ní STIR, èyí tó ń pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá rẹ́ kí omi inú iṣan tó wú lè tàn funfun; irú kejì, T1, ní tirẹ̀ ń fi ibi tí ọ̀rá ti rọ́pò iṣan hàn, ìyẹn ìbàjẹ́ àtijọ́ tí oògùn kì í sábà tún ṣe. Èyí ló ń jẹ́ kí dókítà mọ ibi tí yóò ti gé ẹran díẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí ó má baà gé ibi tí àrùn kò dé.

Àmọ́ MRI nìkan kò lè dárúkọ àrùn, nítorí iṣan tó fara pa náà lè tàn bẹ́ẹ̀. Kódà, ìlànà 2017 ti EULAR àti ACR, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àrùn oríkèé àti iṣan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tó ń fi máàkì pín àrùn yìí sí ìsọ̀rí, kò fún MRI ní máàkì kankan. Èsì tí wọ́n kọ fún mi ló kù díẹ̀ káàtó: wọn kò sọ iṣan tó kàn ní pàtó.